Nǹkan Tó Jókòó Lójú Ọkọ Ìyàwó

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rín-Díẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé bó bá ti gbé kámẹ́rà sójú, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹnu rẹ̀ jáde: "Ìyàwó, ẹ̀rín díẹ̀ sí i. Ọkọ ìyàwó, ẹ̀rín díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀wọ̀n la fẹ́ mú yín lọ." Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á tẹ̀ ẹ́, ó parí. Àwòrán ìgbéyàwó nìkan ló ń yà. Kì í ya ọmọ iléèwé, kì í ya ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Ó ní ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ilé télọ̀ kan àti ibi tí wọ́n ti ń gé kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà níbẹ̀, dígí kan tó ga tó èèyàn, aṣọ pupa tó fi bo ògiri, àti àwọn fúréèmù tí òórùn fáníìṣì kì í kúrò lára wọn. Kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, yóò pe tọkọtaya wá síbẹ̀, yóò bu tíì fún wọn, kò sì ní fọwọ́ kan kámẹ́rà rárá. Yóò kàn máa wò wọ́n ni. Yóò mọ ẹ̀gbẹ́ ojú tí ìyàwó ń fi pamọ́, yóò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó máa ń ṣẹ́jú jù, yóò sì fọgbọ́n béèrè èwo nínú àwọn ìyá méjèèjì ni kò gba ti ìgbéyàwó náà. Ìyá tí inú bá ń bí ló máa ń kọ́kọ́ yà lọ́jọ́ náà, òun nìkan, lórí àga tó dára jù. Ó ní bí ìyá ọkọ bá fẹ́ràn àwòrán ara rẹ̀, ìyàwó ti rí ìsinmi ọdún kan gbà.

Ohun kan tún wà tí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kámẹ́rà òde òní ní gíláàsì lẹ́yìn tó ń fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín-Díẹ̀ kì í wò ó. Ihò kékeré tó wà lókè rẹ̀ ló ń gbójú lé, ojú ọ̀tún nínú ihò, ojú òsì ní dídì pinpin, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà ní ọmọge. "Ẹni tó bá ń wẹ̀yìn kámẹ́rà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú á kọjá lójú ẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì yínmú sí wọn.

Lọ́jọ́ tí nǹkan náà kọ́kọ́ yọjú, òjò ṣú, kò sì rọ̀. Inú ọgbà kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n wà. Ọkọ ìyàwó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó dúró lápá ọ̀tún, ìyàwó fọwọ́ kọ́ ọ lápá. Ẹ̀rín-Díẹ̀ gbé kámẹ́rà sójú, ó sì rí nǹkan dúdú kan lẹ́bàá ojú ọkùnrin náà, bí ìgbà tí èéfín àtùpà bá ta sí ara ògiri. Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ojú ọkùnrin náà mọ́ tónítóní. Ó tún gbé e sójú. Nǹkan náà wà níbẹ̀. Ó nu gíláàsì kámẹ́rà, ó fẹ́ ẹ, ó tún nù ún. Kò kúrò. Òjò ń bọ̀, àwọn oníbàárà sì ń retí rẹ̀. "Ẹ̀rín díẹ̀ sí i," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí àwòrán náà jáde lórí páálí, ó tẹjú mọ́ ọn títí. Kò sí nǹkan kan lójú ọkọ ìyàwó bí kò ṣe ẹ̀rín.

Ó gbé kámẹ́rà lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Ìyẹn tú u palẹ̀, ó ní ara rẹ̀ le koko bí ọ̀dọ́. Ó yá ti ẹlòmíràn lò, òjìji náà bá a wọ inú ìyẹn náà. Ẹ̀rù wá ń bà á gidi. Bí kò bá sí lára kámẹ́rà, tí kò sì sí lára páálí, á jẹ́ pé ara èèyàn ló wà. Bó ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀ nìyẹn. Ìṣirò náà dùn létí, bẹ́ẹ̀ ó ti fo ẹnì kan tó wà láàárín.

Alátíkè ló wá da epo sí iná. Alátíkè ni obìnrin tó ń kun ojú àwọn ìyàwó. Òun àti Ẹ̀rín-Díẹ̀ jọ ń rìn láti ìgbéyàwó kan dé èkejì ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi àyàfi tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì há eyín.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rántí ọkọ ìyàwó tó wọ kóòtù eérú yẹn?"

"Mo rántí ẹ̀. Kí ló ṣe?"

"Ilé ìwòsàn ló wà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Ìyàwó ẹ̀ ló ń gbé e jókòó."

"Ọmọdé yẹn?"

"Ọmọdé yẹn náà. Ayé le."

Ife tíì tó wà lọ́wọ́ Ẹ̀rín-Díẹ̀ tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sọ ohun tó rí fún Alátíkè lọ́jọ́ náà, torí pé ohun tí Alátíkè bá gbọ́, ìgboro ti gbọ́ ọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ẹni tí òjìji bá bà lé. Ó gbọ́ pé ìyàwó kan tó bà lé ti kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ pé iná jó ilé ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń ya ìgbéyàwó tó pọ̀ tó tirẹ̀, ó di dandan kí àìsàn wọlé àwọn kan, kí àwọn mìíràn sì pínyà. Àwọn tó bímọ, àwọn tó kọ́lé, àwọn tí wọ́n ṣì ń pe ara wọn ní olówó orí mi, kò ka ìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, àwọn tó ṣubú nìkan ló máa ń kà.

Kò fẹ́ kí ibi bá àwọn oníbàárà rẹ̀, ló bá wá ọgbọ́n dá sí i. Apá ọ̀tún ni òjìji náà máa ń wà nínú ihò kámẹ́rà. Ó ra ìkòkò òdòdó ńlá kan, ó ń gbé e kiri gbogbo ìgbéyàwó, apá ọ̀tún ló sì ń gbé e sí. Yóò wá ti tọkọtaya sún sápá òsì. Kó bà lé òdòdó, kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé àrà tuntun ló dá. Wọ́n yìn ín. Kò pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ìgboro náà fi ń gbé ìkòkò òdòdó sápá ọ̀tún, láìmọ ohun tí wọ́n fi ń lé. Ìwọ náà ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín-Díẹ̀ kò rín in, torí pé ó ti rí i pé òjìji náà ń dàgbà. Ó ti ń kúrò létí, ó ń rọra bọ̀ wá sáàárín.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ṣì ń rákò nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Ẹ̀rín-Díẹ̀ sì mọ bí ibùsùn opó ṣe máa ń tutù. Bí ohun kan bá wà tó ń bẹ Ọlọ́run fún, kò ju kí ọmọ òun má jogún rẹ̀ lọ. Ọmọ náà wá rí ẹni tó fẹ́. Káfíńtà ni, òun ló ń kan fúréèmù fún ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń gbé fúréèmù wá, ó ń gbé fúréèmù wá, títí ó fi gbé ọkàn ọmọ onílé lọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kì í tètè sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, yóò kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè dọ̀tí.

Lọ́jọ́ kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó nílé, Ẹ̀rín-Díẹ̀ ń bu tíì. Tíì náà kò bọ́ sínú ife. Ẹ̀gbẹ́ ife ló dà sí, ó ń ṣàn lórí tábìlì, obìnrin náà sì ń dà á lọ. Káfíńtà rọra gba kẹ́tùrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Màmá, ẹ má bínú o. Mo ti ń ṣàkíyèsí ẹ̀ tipẹ́. Lánàá ẹ forí gbá fúréèmù tó wà lápá ọ̀tún yín, ẹ ò rí i. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí dókítà ojú yẹ̀ yín wò?"

"Ojú tèmi?" Ẹ̀rín-Díẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. "Ojú tó ń bá ẹ ta fúréèmù? Ìwọ tọ́jú ayùn ẹ, kí n tọ́jú ojú mi."

"Màmá, kò sọ ọ́ bí èébú," ọmọ rẹ̀ wí.

"Èmi náà ò sọ pé èébú ni."

Inú bí i. Ẹni tí gbogbo ìlú ń yìn nítorí ojú, ni ẹni tó ń kan igi yóò sọ fún pé ojú rẹ̀ kò dára. Ọ̀rọ̀ náà jókòó sí i lọ́fun bí eegun ẹja. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àmọ́ alángbá tí inú ń run gan-an, a máa ń retí pé kó mọ̀.

Ó ti ń sún yíya àwòrán àwọn méjèèjì síwájú, ó ń sún un síwájú. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ fárígá. "Màmá, àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń yà láti àárọ̀. Ṣé èmi ò ní lójú tí wọ́n ń yà ni?" Ẹ̀rín-Díẹ̀ bá dá ọjọ́ fún wọn. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dúró síwájú aṣọ pupa. Ẹ̀rín-Díẹ̀ gbé ìkòkò òdòdó sápá ọ̀tún, ó gbàdúrà sínú, ó di ojú òsì, ó gbé kámẹ́rà sójú.

Òjìji náà kò sí lórí òdòdó. Ojú Káfíńtà ló wà. Ó bò ó mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ẹnu; etí méjì àti ọrùn nìkan ló kù. Ó ní kí ó sún sápá òsì. Òjìji náà bá a lọ. Ó ní kó jókòó. Ó bá a jókòó. Ó ní kó dúró lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, ó tẹ̀ lé e dẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín-Díẹ̀ kò tilẹ̀ wo ojú ọmọ tó bí. Ojú ọkùnrin náà ló ń wá, ibi tó bá sì ti wá a dé, nǹkan náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni?" Káfíńtà bi í.

Ohùn náà ń jáde láti inú ibi tí kò sí ẹnu. Ẹ̀rín-Díẹ̀ gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, kí wọ́n máa lọ sílé.

Nílé ìdáná ló ti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó sọ ti kóòtù eérú, ó sọ ti ìyàwó tó kó ẹrù, ó sọ ti ilé tó jóná. Ọmọ náà dúró pẹ̀lú àwo tó ń fọ̀ lọ́wọ́.

"Nítorí òjìji, Màmá? Nítorí òjìji ni kí n fi ẹni tí mo fẹ́ sílẹ̀?"

"Ìfura loògùn àgbà. Ó máa kú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ó ti ṣe mí rí."

"Mi ò gbọ́. Ẹ má sọ ọ́ létí mi mọ́."

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ náà mọ, à bá ní ìyá kan bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀, kò sí ìyá tí kì í bẹ̀rù. Àmọ́ Ẹ̀rín-Díẹ̀ wọ bàtà, ó gba ilé ìyá Káfíńtà lọ. Opó ni ìyẹn náà, rírán bọ́tìnnì àti ojú aṣọ tó já ló fi ń jẹun. Ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí àlejò wọlé. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló gbé àna wá.

"Ìyá, mi ò wá jà," Ẹ̀rín-Díẹ̀ wí. "Mo rí nǹkan kan lójú ọmọ yín. Àwọn tí mo ti rí i lójú wọn rí, ẹnì kan nínú wọn ò lè dìde mọ́. Bí ọmọ yín bá fẹ́ ọmọ mi, mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa rí i kó sin yín."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Kò béèrè ẹ̀rí. Ta ni yóò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ojú rẹ̀ rí ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí? Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni, ó ti fọ́ sórí ilẹ̀ ilé opó náà. Ẹ̀rín-Díẹ̀ sunkún bó ṣe ń darí lọ sílé, torí pé kì í ṣe irọ́ ló lọ pa. Ohun tó gbàgbọ́ ló lọ sọ, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà burú gan-an nìyẹn. Èèyàn lè bá òpùrọ́ jà.

Káfíńtà ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ìlú òkèèrè. Ìyá rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni yóò lọ, kò sì dìde lórí eékún títí ọmọ náà fi gbà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ, ó gbé àwọn fúréèmù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wá, ó tò wọ́n sára ògiri. Ọmọbìnrin náà ló ń bá sọ̀rọ̀, kò wo apá ibi tí Ẹ̀rín-Díẹ̀ wà.

"Ìyá kan, mo lè bẹ̀ ẹ́. Ìyá méjì, agbára mi ò gbé e. Má bínú sí mi."

Ọmọbìnrin náà kò sunkún níwájú ẹnikẹ́ni. Ó kàn dẹ́kun àtimáa sọ̀rọ̀ nílé ni. "Ẹ káàárọ̀, Màmá." "Ó dàárọ̀, Màmá." Ẹ̀rín-Díẹ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó sàn kí ọmọ òun bínú ju kó ṣọ̀fọ̀ lọ. Ó ń retí kí òjìji náà bá Káfíńtà lọ.

Kò lọ. Ìgbéyàwó kan tó yà ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, nínú gbọ̀ngàn kan tí àga rẹ̀ funfun tí òrùlé rẹ̀ ga, ló ti rí i. Ó bà lé ojú ọkọ ìyàwó. Ẹ̀rín-Díẹ̀ gbé kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀, ó wo ìyàwó. Ojú ìyàwó náà ni. Ó wo ìyá ọkọ, ó wo bàbá ìyàwó, ó wo ọmọdébìnrin tó gbé òdòdó dání, ó wo ẹni tó ń so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹni tó ní ojú. Gbogbo gbọ̀ngàn dúró pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye, etí, ọrùn, àti ihò dúdú láàárín, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ó rò pé ilé náà fẹ́ wó ni. Ó gbójú sókè wo òrùlé. Ó wo ògiri funfun tí ẹnikẹ́ni kò fara tì, òjìji náà wà lára ògiri.

Ògiri kì í ṣe ìgbéyàwó. Ògiri kì í ṣàìsàn.

Òógùn ti ṣàn wọ ojú ọ̀tún rẹ̀, ó ń ta á. Kò mọ ìgbà tó gbé kámẹ́rà sún sí ojú òsì. Gbogbo ojú padà sípò wọn. Ìyàwó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń jìn nígbà tó bá rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ ń fi aṣọ pélébé nu omijé. Ọmọdébìnrin ń tọwọ́ bọ imú. Ẹ̀rín-Díẹ̀ gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó rí gbogbo ayé. Ó fọwọ́ bo ojú òsì, gbogbo ayé pàdánù ojú. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ rò pé ó ń ṣe àwàdà, ó rẹ́rìn-ín.

Ó parí iṣẹ́ náà. Ojú òsì ló fi yà á dé òpin, ó sì ń sọ pé ẹ̀rín díẹ̀ sí i, torí pé tọkọtaya náà kò ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀ kò kan ojú. Opó kan lẹ́bàá fèrèsé ló ń rí, àti abẹ́rẹ́ tó bọ́.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń jẹ ẹ̀yìn ẹyin ojú rẹ̀ tipẹ́ láìjẹ́ kó mọ̀. "Ti ọ̀tún yìí, Màmá, ibi tí ẹ fi ń rí ojú èèyàn ti kú. Ká ní ẹ wá nígbà tó ṣì wà létí, à bá dá a dúró. Ti òsì náà ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ a máa gbìyànjú." Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ sí ojú òsì náà, wọ́n fi òwú bò ó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pinpin, wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ńṣì ìta kára rẹ̀ balẹ̀ kó tó máa lọ.

Ọmọ rẹ̀ ló mú un lọ́wọ́ jáde. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà kí wọ́n tó wá, ó ti kúnlẹ̀ fún un, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ náà kò pariwo. Ó jókòó tì í.

"Mo pè é láàárọ̀," ó wí. "Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un."

Ẹ̀rín-Díẹ̀ sún mọ́ ọn. "Kí ló wí?"

"Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti gbé yín dé ilé ìwòsàn. Ó ní kí n rí i pé ẹ̀ ń lo oògùn yín déédéé."

"Ṣé ó ń bọ̀?"

"Ìyá ẹ̀ ti bá a fẹ́ ẹlòmíì níbẹ̀, Màmá. Wọ́n ti mọ ara wọn nílé. Ó ní òun ò lè dójú ti ọmọ ọlọ́mọ."

Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú wọn, bàtà wọn ń dún lórí ilẹ̀ dídán. Ẹ̀rín-Díẹ̀ yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ojú ọ̀tún nìkan ló ṣẹ́kù tó là. Ó rí irun tó dì sẹ́yìn, ó rí yẹtí, ó rí ọrùn aṣọ. Ó wá ojú ọmọ tó bí láàárín wọn, kò rí i.

"Màmá, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ."

"Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹkún ni mò ń sun ni, àbí ẹ̀rín ni mò ń rín?"

Ẹ̀rín-Díẹ̀ na ọwọ́ síwájú, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́ kó lè mọ̀. Ọmọ náà di ọwọ́ náà mú, kò jẹ́ kó dé ibẹ̀.